Àwọn Ìyá Mi, Ẹnì Kan Ṣoṣo Ni Wọ́n

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí kí orúnkún tó lé mi dìde sórí àga. Mímì, ọmọ ọmọ mi, ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló máa wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí yóò rí ẹni tó kúnlẹ̀ ní Abidjan? Mo ní Ọlọ́run rí i, ó sì tó. Ẹ kú ara ríro, ẹ kú ìfọkànsí wa, ẹ kú àdúrà òwúrọ̀ tí ẹ kì í gbàgbé wa nínú rẹ̀. Mo kí Súlè, àbúrò mi, tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Súlè, rọra kà á. Má fo ibì kankan. Etí ọ̀tún wọn ni kí o ti kà á, nítorí ti òsì ti wúwo. Mo kí ìyàwó rẹ tó ń tọ́jú wọn, mo kí àwọn ọmọ, mo kí gbogbo agbo ilé, àti àwọn obìnrin tí wọ́n ṣì ń jókòó ti ìkòkò irú lẹ́yìnkùlé.

Ọwọ́ èmi fúnra mi ló kọ ìwé yìí. Nígbà tí mo kúrò nílé, bí mo bá rí lẹ́tà A lára ògiri, mo máa ń rò pé àkàbà ni wọ́n yà síbẹ̀. Nísinsìnyí, ní Gonzagueville níbi tí mò ń gbé, mo ń lọ sí ilé ìwé àwọn àgbà nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ọjà. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wa, ṣùgbọ́n lẹ́tà kò ní ẹ̀yà. Èyí tí mo bá rí mú níbẹ̀ ni mò ń gbé wá sínú Yorùbá. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ní Treichville ló bá mi fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Òun náà ló bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́, kí àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín lè kà á. Mo gbà fún un, àmọ́ mo kìlọ̀ fún un pé kó má gé e kúrú.

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ nìyí. Mo ti lo orúkọ yín níwájú àwọn àjèjì, mo sì sọ ohun kan nípa yín àti nípa iṣẹ́ yín tí n kò sọ rí láti ọjọ́ tí ẹ ti bí mi. Ọkàn mi kò tíì balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rò ó látìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹlòmíràn tó gbé e dé ilé, kí ẹ sì dá ẹjọ́ rẹ̀ fúnra yín.

Ẹ mọ̀ pé irú ni mo gbé dé ìlú yìí. Ohun tí ẹ kọ́ mi lẹ́yìnkùlé náà ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi nígbà tí bàbá wọn kú. Àwọn Jula ń pè é ní sumbala, nítorí náà "Maman Sumbala" ni wọ́n ń pè mí ní ọjà Adjamé. Wooro wà, pẹ̀tẹ̀ wà, ẹni tó bá sì ra tèmi lẹ́ẹ̀kan máa ń padà wá. Ṣùgbọ́n ayé ti ń yí. Àwọn ọmọge ìsinsìnyí fẹ́ irú nínú ọbẹ̀, wọn kò fẹ́ ẹ nínú báàgì. Oníbàárà mi kan ra irú, ó wọ gbaka lọ sílé, làwọn èrò inú ọkọ̀ bá ń bi ara wọn léèrè ta ló gbé òkú eku wọlé. Láti ọjọ́ náà, mágí ló kù tó ń fi sebẹ̀.

Mímì ló gbé ọgbọ́n kan dé. Ó ní ká sá irú náà kó gbẹ wándíwándí, ká lọ̀ ọ́ kúnná, ká dà á sínú ìgò kékeré tó ní ìdérí líle. Mo ní láéláé. Mo ní irú tí kò rùn, ṣé irú ni àbí yẹ̀pẹ̀? Ọmọ yìí kò bá mi jiyàn. Ó lọ ṣe é lẹ́yìn mi, ó fi se ọbẹ̀ ilá, ó gbé e síwájú mi. Ìgbà tí mo lá àwo tán ni mo tó béèrè ibi tó ti ra irú. Ó na ìgò sí mi, ó ní Maman, yẹ̀pẹ̀ yín rèé.

Bí iṣẹ́ tuntun ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjà ṣí, wọ́n ń béèrè rẹ̀ kọjá bí a ṣe lè ṣe é. Àmọ́ Gonzagueville kò jìnnà sí òkun. Atẹ́gùn ibẹ̀ tutù, ó níyọ̀, bí òjò kò bá rọ̀ lówùúrọ̀ yóò rọ̀ lọ́sàn-án. Irú tí mo bá sá kì í gbẹ. Ńṣe ló máa ń jókòó sórí òrùlé tí yóò máa kí gbogbo àdúgbò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa, bó bá ti ń kọjá, á mí kanlẹ̀, á ní Maman, lọ́fínńdà yín ti òní yìí dára ju ti àná lọ. Mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín. Onílé wa kò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí, a sì ti jọ wà láìjà. Ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní ọbẹ̀ mi dùn, òun náà ti jẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ayálégbé òun ti ń kó ẹrù. Ó ní kí oṣù tó ń bọ̀ tó lé, kí irú jáde kúrò nínú ọgbà òun, tàbí kí èmi àti irú jọ jáde.

Ìyá mi, orí mi gbóná. Níbo ni mo fẹ́ gbé e lọ? A wá ilé kiri títí a fi dé Anyama. Bàbá Àlàájì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ṣòwò obì títí agbára wọn fi dínkù. Ilé ìkóbìsí wọn ṣófo, àgbàlá rẹ̀ gbòòrò, oòrùn ibẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti etí òkun. Wọ́n ní àwọn á dì í mú fún mi díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ti ń fẹ́ ẹ fún sìmẹ́ǹtì, àwọn kò sì lè máa fi ebi dúró dè mí. Owó ilé náà àti ti ẹ̀rọ tí a fi ń mú nǹkan gbẹ kọjá agbára mi. Bàbá Mímì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní San-Pédro, ohun tó ń rí kò tó bọ́ àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí mi ò bá rí ilé yẹn, iṣẹ́ parí nìyẹn, màá sì padà wálé wá di ẹrù lé Súlè lọ́rùn. Mo fẹ́ràn ilé, ìyá mi, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ wálé bí ẹni tí wọ́n lé.

Ibẹ̀ ni Mímì ti gbọ́ nípa àjọ kan. Olówó kan ló kú tó fi ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún ṣíṣe àánú. Fọndasíọ̀n ni wọ́n ń pè é níhìn-ín. Wọ́n ń fún àwọn obìnrin tó fẹ́ dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ ní owó, kì í ṣe èyí tí a ó dá padà. Mo ní irú owó wo nìyẹn? Mo ní kí ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ wa? Mímì ní òtítọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà. Mo ní ìyẹn rọrùn, òtítọ́ kò wọ́n wa.

Mímì kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì ránṣẹ́ pè wá lóòótọ́. Ilé gíga, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí èèyàn lórí bí ẹni pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ wá. Àwọn mẹ́ta ló jókòó: ọkùnrin kan tó wọ awò ojú, obìnrin kan tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, àti ọ̀dọ́ kan tó ń kọ nǹkan. Mo tú irú lé wọn níwájú. Ọkùnrin náà fa àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Obìnrin náà ti ìka bọ inú ìgò, ó lá a, ó tún tì í bọ̀ ọ́. Mo sọ nínú ara mi pé èyí ti di tèmi.

Faransé ọjà ni mo gbọ́, kò tó èyí tí wọ́n ń sọ nínú ilé gíga. Nítorí náà Yorùbá ni mò ń sọ, Mímì ń túmọ̀. Ọkùnrin náà béèrè pé ta ló kọ́ mi níṣẹ́, ta ló sì ni àṣẹ lórí rẹ̀. Ìyá mi, inú mi dùn sí ìbéèrè yìí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Mo nà tàn-àn lórí àga. Mo ní àwọn ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n kọ́ mi. Mo ní àwọn ni wọ́n ni iṣẹ́, èmi kàn ń bá wọn ṣe é ni. Mo ní títí dòní, ohun tí wọ́n bá ní kí n ṣe ni mò ń ṣe. Bí wọ́n bá ní kí n má fi iyọ̀ sí i, iyọ̀ kò gbọdọ̀ kàn án.

Mímì túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin onírun gígé dẹ́kun ìka lílá. Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó béèrè nǹkan lọ́wọ́ Mímì, ọmọ náà dá a lóhùn láìbi mí. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà ní kó bi mí pé Maman, ṣé ẹ máa ń fi owó ránṣẹ́ sí wọn? Mo ní lóṣooṣù! Mo ní ọmọ wo ló ń jẹun tí kò ní fi ránṣẹ́ sí wọn? Mo na ọwọ́ sókè bí mo ṣe ń sọ ọ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọ gidi ni mí. Wọ́n ní a ṣeun. Nínú gbaka tó ń gbé wa lọ sílé, mo ti ń ṣètò ibi tí n ó gbé ìkòkò sí ní Anyama.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Kò pẹ́ tí obìnrin yẹn fi pe Mímì lórí fóònù. Mo ń wo ojú ọmọ náà bó ṣe ń yí. Ó ní wọ́n ní owó àwọn wà fún ẹni tó ni iṣẹ́ tirẹ̀ níhìn-ín. Wọ́n ní àwọn kò lè gbé e fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ńlá kan ní Nàìjíríà, tó fi ìyá arúgbó kan sí Abidjan láti máa bá wọn tà, tó sì ń kó èrè ránṣẹ́ lóṣooṣù. Obìnrin náà ní torí pé sumbala náà dùn lẹ́nu òun ni òun fi bẹ̀bẹ̀ fún wa. Kí a padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Bí a kò bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn, wọ́n á fún aránṣọ tó tẹ̀ lé wa.

Mo ní ẹgbẹ́ wo? Obìnrin ńlá wo? Mo ní kí Mímì jókòó kó tún gbogbo ohun tó sọ sọ fún mi, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun sọ ohun tí mo sọ ni: pé àwọn ìyá yín, wọ́n wà ní Nàìjíríà, àwọn ni wọ́n ni iṣẹ́. Ọkùnrin náà ní mélòó ni wọ́n, òun sì ní wọ́n pọ̀, agbo ilé kan gbáko ni. Mo wò ó. Mo pe orúkọ rẹ̀ gan-an, mo ní Màríámù, ìyá mélòó ló bí mi?

Ẹ ò rí i, ìyá mi. Ìhín ni wọ́n bí i sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n "wọ́n" tí a ń fi bọ̀wọ̀ fún àgbà àti "wọ́n" tí í ṣe ogunlọ́gọ̀, bákan náà ni wọ́n ń dún létí rẹ̀. Ìtàn àwọn obìnrin ẹ̀yìnkùlé tí mo máa ń pa fún un ló rò pé mò ń sọ. Ọ̀wọ̀ tí mo fi fún yín, òun ló sọ yín di ilé iṣẹ́.

Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ṣebí tọmọ là ń fi jẹ́ ẹ? Ìgbà yẹn ni ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó ní nígbà tí òun kéré, òun bi mí bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé Ìyá Àgbà ńkọ́, ṣé ó ti jẹun, mo sì fa òun létí débi pé etí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ó ní mo ní òun ò gbọdọ̀ pe àgbà ní "ó" mọ́ láyé òun. Ó ní ní báyìí, "wọ́n" tí mo fi etí òun kọ́ òun, mo tún ń fi bú òun. Mo gbá a mọ́ra.

Nígbà tó nu ojú tán ló wá sọ èyí tó le. Ó ní ní Ọjọ́bọ̀, kí àṣìṣe má baà wà mọ́, kí n sọ ọ́ báyìí: ìyá mi, ó kọ́ mi níṣẹ́. Kí n sì sọ ọ́ pé iṣẹ́ yìí, tèmi ni. Mo dìde lórí ẹní. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Kí n pe ìyá tó bí mi ní "ó", bí ọmọ àná? Kí n sọ pé tèmi ni iṣẹ́ wọn, nígbà tí wọ́n wà láyé? Ogún ẹni tó ń mí, ta ló ń pín in? Mímì ní Maman, kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Mo ní Ọlọ́run gbọ́ ọ. Ó ní kí Ọlọ́run bá wa bá onílé sọ̀rọ̀ nígbà náà. A kò jọ jẹun lọ́jọ́ náà. Ìlú yìí kún fún èèyàn, ìyá mi, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di bẹ́ẹ̀, kò sí àgbà kan tí mo lè sá tọ̀.

Ẹ̀yin ni mo sá tọ̀. Súlè á rántí ọjọ́ tí mo ní kó gbé fóònù sí yín létí. Òjò ń lu páànù lórí mi. Mo kígbe pé ìyá mi, ṣé ẹ yọ̀ǹda kí n sọ ọ́ níwájú àwọn èèyàn pé iṣẹ́ irú yìí, tèmi ni? Nínú gbogbo rẹ̀, irú nìkan lẹ gbọ́. Ẹ ní irú ńkọ́? Ẹ ní ẹ ń gbọ́ òjò lọ́dọ̀ mi. Ẹ ní kí n bò ó dáadáa kí òtútù má wọ inú rẹ̀, pé irú tí a kò bá bò kò lè di irú. Mo tún kígbe. Fóònù já. Mo jókòó sórí ibùsùn, mò ń bi ara mi bóyá ìdáhùn ni ẹ fún mi àbí ẹ kàn ń kọ́ mi níṣẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe.

Lọ́jọ́rú, ó ku ọ̀la, mo lọ sí ilé ìwé nítorí pé jíjókòó sílé kò ṣe mí láǹfààní. Olùkọ́ wa, Madam Ajua, ọmọ ẹ̀yà Baulé níhìn-ín ni, kò tó ọmọ mi lọ́jọ́ orí. Ó kọ ọ̀rọ̀ méjì sára pátákó: *elle*, àti *elles*. Ó ní èkíní ni obìnrin kan, èkejì ni obìnrin púpọ̀. Ó ní ká kà á. A ka èkíní, a ka èkejì, ohùn kan náà ló jáde. Ó tún kọ *elle prépare*, obìnrin kan tó ń se nǹkan, ó kọ *elles préparent*, obìnrin púpọ̀ tó ń se é. Ohùn kan náà ni, etí kò mọ ìyàtọ̀. Bàbá Síaka, télọ̀ tí wọ́n máa ń jókòó tì mí, bínú. Wọ́n ní kí ló dé tí a ó kọ lẹ́tà tí a kò ní pè? Wọ́n ní èèyàn wo ló máa rán òwú mọ́ ibi tí aṣọ kò sí? Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Madam Ajua náà rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, s yẹn kì í ṣe ti ẹnu. Ó ní ẹnu lè dákẹ́, ọwọ́ tó kọ ọ́ ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Pẹ́ńsùlù dúró lọ́wọ́ mi. Mo bi í pé bí ó bá jẹ́ pé èèyàn kan ṣoṣo ni mò ń sọ, tí mo wá kọ s sí i ńkọ́? Ó ní àṣìṣe ni, òun á fi bírò pupa fa igi lé e. Mo ní kó fà á.

Ọjọ́bọ̀ pé. Atẹ́gùn tútù náà, àga náà, àwọn mẹ́ta náà. Mímì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní kó jókòó. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá. Lọ́jọ́ yẹn, ìyá ni mo fẹ́ pè. Mo ní: *Ma maman.* Mo na ìka kan ṣoṣo sókè, ti ọwọ́ ọ̀tún. Mo ní: *Une seule.* Ẹnì kan ni. Lẹ́yìn náà mo ní: *Elle prépare, elle montre.* Wọ́n ń se é, wọ́n ń fi hàn mí bí a ṣe ń ṣe é. Àwọn tó jókòó gbọ́ "ó", wọ́n gbọ́ obìnrin kan. Inú mi ni mo ti fi s sí i, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ibi tí mo ti dárúkọ yín. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ.

Èyí tó kù ló nira jù. Mo gbé e jáde: *Moi, je travaille. C'est pour moi.* Èmi ni mò ń ṣe é. Tèmi ni.

Ọkùnrin náà ní owó tí mo ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù ńkọ́? Mo fi Faransé mi tó ń tiro bi í pé ìyá tirẹ̀ ńkọ́, ṣé kì í fún un ni? Ọ̀dọ́ tó ń kọ nǹkan fi ìwé bo ẹnu. Ọkùnrin náà ní òun ń fún un, ṣùgbọ́n ìyá òun sọ pé kò tó. Mo rò pé ó ti tán. Kò tán. Ó sún mọ́ tábìlì, ó béèrè jẹ́jẹ́ pé bí ìyá mi bá wá ní òní yìí pé kí n dá iṣẹ́ náà dúró, kí ni n ó ṣe?

Mímì kò lè wo ojú mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní màá dá a dúró, Anyama lọ. Bí mo bá ní mi ò ní gbọ́ tiyín, kí ló kù nínú mi tó ń jẹ́ ọmọ? Bẹ́ẹ̀ ni n kò ní ọ̀rọ̀ Faransé tó tó o. Ni mo bá dìde lórí àga, mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú wọn, kì í ṣe fún wọn. Ìhà ibi tí mo rò pé Ògbómọ̀ṣọ́ wà ni mo kọjú sí. Mo pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, mo bẹ̀ yín. Mo bẹ̀ yín dáadáa, bí ẹni pé ẹ jókòó síbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbára lé orúnkún mi tó ń ké, mo dìde, mo ṣe bí ẹni gbé ìkòkò, mo tún gbé e kaná.

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin onírun gígé kò rẹ́rìn-ín. Ó ti dìde, ó di apá mi mú kí n lè jókòó. Wọ́n ní ká lọ dúró níta. Mímì fi ojú ka gbogbo táìlì ilẹ̀, èmi ń pe orúkọ Ọlọ́run. Nígbà tí wọ́n pè wá wọlé padà, ẹnu obìnrin náà ni mo ń wò, kí ó tó sọ ọ́ ni mo ti rí i. Wọ́n fún wa.

A kò dé ilé. Anyama la gbà lọ tààrà, nínú gbaka tí mo rò pé kò ní dé láé. A bá ọkùnrin onísìmẹ́ǹtì níwájú ilé náà, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ẹnu ọ̀nà. Bàbá Àlàájì rí wa, wọ́n bi mí pé ìyá onísumbala, ṣé owó lo gbé wá àbí ìtàn? Mímì ní owó ń bọ̀, ó fi ìwé tí àjọ náà fún wa hàn wọ́n. Wọ́n yíjú sí ọkùnrin náà, wọ́n ní ìyá yìí ló kọ́kọ́ béèrè.

Irú ti ń gbẹ ní Anyama báyìí. Onílé wa rà á ní ìgò méjì, ó ní ní báyìí tí kò rùn lọ́dọ̀ òun mọ́, àárò rẹ̀ ń sọ òun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Àjọ náà ní kí n fi orúkọ sára ìgò, orúkọ tí iṣẹ́ wa yóò máa jẹ́. Wọ́n fún mi ní bírò, mo kọ ọ́ fúnra mi, gàdàgbà: *Elles*. Obìnrin náà kà á, ó ní orúkọ náà dára gan-an, pé ó ń yin gbogbo obìnrin. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò ṣàlàyé. Súlè, bí o bá ti ka ibí yìí tán, gbé ìgò tí mo fi rán ẹni tó mú ìwé yìí wá fún wọn, di ìka wọn mú, kí o fi tọ lẹ́tà tó gbẹ̀yìn lára rẹ̀.

Ìyá mi, bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ fi orí jì mí. Bí n kò bá ṣẹ̀ yín, ẹ ṣàdúrà fún mi. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ kí ẹ gbó, kí ẹsẹ̀ yín fúyẹ́, kí ẹ má rí ìbànújẹ́ ọ̀kankan nínú wa. Kí Súlè má ṣe aláìní. Kí oòrùn Anyama má fi iṣẹ́ wa sílẹ̀. Mímì ní òun dọ̀bálẹ̀, ẹ dárí jì í, ìkúnlẹ̀ ló fẹ́ sọ. Ẹ bá mi kí àwọn ìyàwó ilé, ẹ bá mi kí àwọn ọmọ, ẹ bá mi kí ẹnu ọ̀nà tí mo gbà jáde.

Ẹ ní kí n bò ó kí òtútù má wọ inú rẹ̀. Mo ti bò ó, ìyá mi. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ, ó sì wà níbẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín,
Rábíátù Àbẹ̀kẹ́